Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin òǹkọ̀tàn fíìmù Yorùbá: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn?

Sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré TAMPAN, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó tàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó. Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Tákíé. Mo ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo sì ní tẹlifíṣọ̀n kan lára ògiri tí kì í sinmi bí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, fóònù ni. Iṣẹ́ ọwọ́ yín la fi ń rán aṣọ. Ẹni tó ń ṣẹ́ etí aṣọ ń wò ó, ẹni tó ń gán bọ́tìnnì ń wò ó, oníbàárà tó kàn yà wá gba aṣọ rẹ̀ á fìdí lé bẹ́ǹṣì títí ìtàn yóò fi parí. Torí náà, ẹni tó fẹ́ràn yín ló ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á bí ọ̀rọ̀ ọ̀tá.

Ìtàn òtòṣì tó di olówó ni mo bá wá. Ẹ mọ̀ ọ́n dunjú, ẹ̀yin lẹ ń ṣe é. Ọmọ kan wà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ẹbí gba ilé, ìyá ń ṣàìsàn, ọmọ ń kiri ẹ̀kọ tútù. Onílé ju ẹrù wọn síta lójú òjò. Àwọn tó yẹ kó ṣàánú wọn ń yínmú. Ọmọ náà á gbójú sókè, á ní Elédùmarè, ṣé o ń wò mí? Ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú. Ẹ ó wá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé “Lẹ́yìn ọdún márùn-ún.” Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá padà, jíìpù ti ń wọ ọgbà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn? Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyẹn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe ìtàn náà mọ́. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ lásìkò tí a wà yìí? Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ le kò lè jí láàárọ̀ bí kò bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó sì tún ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò gbówó lórí. Òwú, síìpù, gúmù, epo tí a ń bù sí jẹnẹrétọ̀ ká lè fi áyọ́ọ̀nù na aṣọ ìyàwó, gbogbo rẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó wo fíìmù yín lálẹ́ ti ṣírò owó oúnjẹ ọ̀la títí orí fi ń fọ́ ọ. Bí ẹ bá fi hàn án pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè dé òkè, àánú lẹ ṣe é. Mo dúpẹ́ lórúkọ rẹ̀.

Ìtàn náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Kí fíìmù tó dé la ti ń sọ ọ́. Ẹ rántí àlọ́ ọmọ òrukàn tí ìyáálé ń fìyà jẹ, tí igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú odò, tí wọ́n ní kó má padà wálé láìmú igbá bọ̀. Ó tẹ̀lé omi lọ títí ó fi kan ìyá arúgbó kan. Bí ìyá ìyá mi bá ń pa àlọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ arúgbó yìí ló máa ń pẹ́ sí jù. Á sọ bí ọmọ náà ṣe fọ egbò ẹ̀yìn ìyá náà tí kò yọ ṣùtì sí i, á sọ oúnjẹ tó sè, omi tó pọn, bó ṣe gbálẹ̀, bó ṣe sùn lórí ẹní tó ti ya. Á kọrin rẹ̀, àwa náà á gbè é. Nígbà tó bá wá kan ọrọ̀ tó jáde látinú igbá, gbólóhùn kan péré ló máa ń fi sọ ọ́: ó fọ́ ọ, owó, aṣọ, ẹrú, ilé. Ó tán. Ìyáálé náà wá rán ọmọ tirẹ̀ lọ kó lọ kó ọrọ̀ bọ̀. Ọmọ yìí kò fẹ́ ṣe wàhálà ọ̀dọ̀ arúgbó, ọrọ̀ nìkan ló ń lé. Ẹ mọ ohun tó bá pàdé nínú igbá tirẹ̀: ejò àti oyin.

Ìtàn tó tẹ ìlú wa dó pàápàá, ìtàn ẹni tó ti ìsàlẹ̀ dìde ni. Ọdẹ ni Ògúnlọlá, abẹ́ igi àjàgbọ̀n lòun àti Lọ́rungbẹ́kún ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Aláàfin. Nígbà tó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n ló gbọ́ pé jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láàmú, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun lọ kojú rẹ̀. Ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wá fún Aláàfin, wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà wálé di Ṣọ̀ún, ọba ìlú wa. Ẹni tó bá ń kánjú á sọ ti orí yẹn nìkan. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn sọ kì í fo Lọ́rungbẹ́kún. Wọ́n á ní ó ń pọn ọtí, ìdí ọtí rẹ̀ làwọn èèyàn ti ń pàdé, ibẹ̀ ni ahéré ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ibi tí wọ́n ń forí lé. Wọn kì í fo àwọn ọdẹ yòókù tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀ láti dáàbò bo ara wọn. Àárín ìtàn nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọkùnrin kan tó bẹ́ orí ló kù.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ṣàkíyèsí, nítorí mo gbà pé yóò ṣe yín láǹfààní. Bí fíìmù yín bá ń lọ, mo máa ń wo ojú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. Bí jíìpù bá wọlé, wọ́n á pariwo. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní “Ọlọ́run, tèmi náà dà?” Wọn kì í sunkún níbẹ̀. Lẹ́yìn jíìpù ni ẹkún ń dé. Ó dé lọ́jọ́ kan nígbà tí ìyá ọmọ náà, tí wọ́n ti lé kúrò nídìí ìkòkò níbi ìnáwó ẹbí, jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi ìnáwó mìíràn, tí alága ìdúró wá pe orúkọ rẹ̀ pé kó bọ́ síwájú. Òṣèré tó ṣe ìyá yẹn mọ iṣẹ́. Kò dìde kíá. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ó fọwọ́ tún gèlè ṣe, gèlè kò sì yẹ̀. Nígbà tó dìde tán, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sí. Gbogbo máṣíìnì ṣọ́ọ̀bù ló dákẹ́. Ọmọ tó ń tẹ wàhálà mọ́ mi lára jù nínú wọn fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú.

Kò sí kọ́bọ̀ kankan nínú ìran yẹn. Ìtìjú tó kúrò lójú ìyá kan ló pa wá lẹ́kún. Ìṣẹ́ ń mú ebi wá lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń dun tálákà jù ni pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀ láwùjọ, pé bó bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní ta ló bi í, pé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rán an níṣẹ́. Ẹni tó ti rí irú rẹ̀ ló mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò bá tí lè kọ ìran yẹn. Bó bá wá jẹ́ ibẹ̀ lẹkún wa wà, kí lẹ ń bá jíìpù sáré sí? Ẹ lè fi hàn wá bí ọmọ náà ṣe dé ibẹ̀, ká sì sunkún náà lásunpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù mi ṣe àpẹẹrẹ, torí ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ aṣọ kì í fọwọ́ kan aṣọ níbẹ̀rẹ̀. Á gbálẹ̀, á ṣa òwú, á kọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń gbóná. Tó bá yá, a ó jókòó rẹ̀ sídìí máṣíìnì pẹ̀lú bébà, láìsí òwú lójú abẹ́rẹ́. Á máa tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ á máa lu ihò wọ́ọ́rọ́wọ́ sára bébà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ihò yẹn á máa yí bí ipa ọ̀nà ejò. A ó gbé bébà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, a ó fi hàn án: wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti sáré ju ọwọ́ rẹ lọ. Ọjọ́ tí ìlà náà bá tọ́, tí ìmọ́lẹ̀ gba gbogbo ihò rẹ̀ kọjá lẹ́sẹẹsẹ, ojú ọmọ náà á yàtọ̀. Mo ti rí ọmọ tó ká bébà yẹn sínú àpò lọ fi han ìyá rẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ṣẹ́ etí, tó máa rán yunifọ́ọ̀mù, tó máa rán bùbá. Ọjọ́ kan á dé tí a ó gbé léèsì olóléèsì lé e lọ́wọ́ pé kó gé e, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lórí sísọ́ọ̀sì. Láàárín gbogbo rẹ̀, alájọ ń wá nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú káàdì, ọmọ náà ń dá owó tó ń rí nídìí àtúnṣe aṣọ, díẹ̀díẹ̀, fún máṣíìnì tí yóò fi dúró. Ìyá rẹ̀ náà ń dá. Bùrọ̀dá kan tó wà ní Ìlọrin ṣèlérí, kò mú un ṣẹ. Àbúrò ìyá kan tí wọn kò retí ló wá mú máṣíìnì àlòkù wá. Ọjọ́ fírídọ̀mù, ọmọ náà á kúnlẹ̀ nínú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. A ó gbé téèpù kọ́ ọ lọ́rùn, a ó fún un ní sísọ́ọ̀sì, a ó gbàdúrà fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní í kúrò nídìí iṣẹ́ rere. Àwọn ẹgbẹ́ aránṣọ á wà níbẹ̀, wọ́n á kọrin. Ìyá rẹ̀ á jó dé àárín títì. Ẹkún tí mo ti rí níbi fírídọ̀mù, mi ò tíì rí irú rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, ti ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan ló sún mọ́ ọn.

Ẹ sọ fún mi, èwo nínú èyí ni kò yẹ fún kámẹ́rà? Olójú kòkòrò wà níbẹ̀, aláàánú wà níbẹ̀, ẹni tó yẹ àdéhùn wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ijó sì wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lẹ ń fi ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bò mọ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ìtàn tó wà lágbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn èèyàn wa lọ sí Gánà ṣòwò láyé ìgbà tí wọ́n ń pè é ní Gold Coast, títí dé Tamale àti ìhà àríwá ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó ti dé ibẹ̀ á ránṣẹ́ sílé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ọmọ náà á máa bá a gbé ẹrù, á máa kiri, á máa sìn ín. Bó bá ti sìn ín tó, tí ọ̀gá rẹ̀ sì rí i pé ó mọ ọjà, á fún un ní ọjà tàbí owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Òun náà á wá ránṣẹ́ sílé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà ara wọn gòkè. Oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia wá pàṣẹ pé àlejò tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé tàbí kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tó kún, ẹni tí oníbàárà jẹ ní gbèsè, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò mọ ilé rí. Wọ́n kó ohun tí wọ́n lè gbé, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn délé tí kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju ẹrù orí lọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí, nínú yàrá tí ẹlòmíràn yọ̀ǹda.

Ẹ wo irú fíìmù tí ìyẹn yóò jẹ́! Òtòṣì tó di olówó, tó tún di òtòṣì lọ́sẹ̀ méjì, tó tún dìde, tí ọwọ́ àwọn tó ti ràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó gbé e. Àwọn tó rí i lójú ara wọn ń dín kù lọ́dọọdún. Ẹ wá bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó tán.

Bí ẹ bá sì ń fẹ́ ti ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ mú Olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní 1937, pé òun ni ọmọ kẹtàlélógún bàbá rẹ̀ àmọ́ òun ni àkọ́kọ́ tó yè, pé ó ta igi ìdáná nígbà tó wà lọ́mọdé. A tún mọ owó tó padà ní. Igi ìdáná, lẹ́yìn náà mílíọ̀nù: báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School wà láàárín. Ẹgbẹ́ olórin tó dá sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tí wọ́n ń ṣeré kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ, wà láàárín. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tó gbé e dé yunifásítì Glasgow, tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣírò owó, wà láàárín. Ẹni tó fo ìwọ̀nyẹn ti purọ́ fún ọmọ tó ń ta igi lónìí.

Àárín mìíràn tún wà tí mi ò tíì rí nínú fíìmù kankan tí wọ́n wò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kú ní 1920 nígbà tí ó ṣì kéré, oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké ló sì fi rán ara rẹ̀ níléèwé. Ẹni tó mọ bí ó ti rí ló ṣí ilẹ̀kùn fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ àgbẹ̀ tó yẹ kó wà lóko di tíṣà, ó di nọ́ọ̀sì, ó di dókítà. Ẹgbàágbèje ilé ló gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe pé olówó kan rí ẹnì kan lójú títì, òfin ni. Òtòṣì tó di ẹni ńlá nìyẹn náà. Kí ló dé tí a kì í rí tíṣà abúlé tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ A, B, D, tí ọmọ tó wá pẹ̀lú ìdọ̀tí oko lẹ́sẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wá dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi. Nínú ìtàn yín, bí ọkùnrin bá fẹ́ là, ẹ lè jẹ́ kó lọ sí Èkó lọ ṣòwò, bí ẹ kò tilẹ̀ ní fi òwò náà hàn. Bó bá jẹ́ obìnrin, ọkọ ni. Á máa kiri, ọmọ olówó á fi mọ́tò gbá a díẹ̀, á gbé e lọ sílé ìwòsàn, á rí ìwà rẹ̀, á fẹ́ ẹ. Mo ti rí fíìmù tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ jẹ́ aránṣọ bíi tèmi. Ọjọ́ tí olówó náà dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ni máṣíìnì kúrò nínú ìtàn. A kò rí i mọ́ títí dé òpin. Àwọn ọmọ tó jókòó sídìí máṣíìnì wọn, tí wọ́n ń wo èyí, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò nípa ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ wọn? Pé ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ ni?

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Kò ku ohun tó pọ̀ mọ́ kó gba fírídọ̀mù tó fi kó ẹrù. Ó ní, “Mọ́ọ̀mì, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kọ́ ni Ọlọ́run máa fi gbé mi dìde. Olùrànlọ́wọ́ mi wà níbì kan.” Mi ò sọ pé fíìmù ló lé e lọ. Ilé wọn le, ọ̀rọ̀ pọ̀ nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ nínú mọ́tò, wọ́n ń sọ ọ́ lórí fóònù. Àwọn fíìmù oníṣẹ́jú kan láti China tó gbòde báyìí, olówó tó fara pa mọ́ bíi tálákà ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń fi èdè ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ohùn yín ń wọlé ju ti àjèjì lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí mi ò kọ ọ́ sí wọn. Olùrànlọ́wọ́ wà lóòótọ́. Àbúrò ìyá tó mú máṣíìnì àlòkù wá yẹn, olùrànlọ́wọ́ ni. Ọ̀gá tó fún ọmọ ní ọjà ní Tamale, olùrànlọ́wọ́ ni. Ẹ fi irú wọn hàn wá. Iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́.

Òmíràn ni ti àwọn ìyá àgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn yín, ẹni tó tòṣì, ayé ló ṣe é. Ẹ ó fi ìyá arúgbó kan hàn nínú ilé ẹbí, igbá wà níwájú rẹ̀, ó ti de ìràwọ̀ ọmọ mọ́lẹ̀. Wòlíì á dé, á já ìdè náà, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Bó bá jẹ́ pé ìdè nìkan ló ń fa ìṣẹ́, kí ni èèyàn fẹ́ kọ́ṣẹ́ ṣe? Àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń gbé láwọn ilé wa wọ̀nyí, tí ojú wọn ti ń ṣú, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ lóru nítorí ọjọ́ orí, àwọn ló ń jìyà ìtàn yẹn. Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ yéé fi wọ́n ṣe ìdí òṣì wa.

Ti owó ògùn, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ní 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kéde ìlànà tó lòdì sí fíìmù tó ń fi owó ògùn ṣe fáàrí. Ẹ máa ń sọ pé ẹ̀san ń dé bá wọn ní ìparí. Ẹ̀san náà kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, fàájì tó ṣáájú rẹ̀ gba gbogbo fíìmù.

Mo mọ ohun tí ẹ ó dá mi lóhùn. Ẹ ó ní owó ara yín lẹ ń ná, ẹ ó ní àwọn tó ń wò ó lórí YouTube kò ní sùúrù, bí ìtàn bá fà díẹ̀, wọ́n á yí i kúrò. Mo gbà pé iṣẹ́ yín le. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí kámẹ́rà, ọ̀dọ̀ arúgbó ló sì máa ń pẹ́ sí, a kò sì dìde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹ tún wo ara yín. Ìdílé alárìnjò ni iṣẹ́ yín ti wá, láti ààfin Aláàfin, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ ijó, ewì àti ìtàkìtì lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó bọ́ sí gbàgede. Hubert Ògúndé ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1949 láti dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà ló tẹ̀lé ọ̀gá kiri ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ sùn sí kíláàsì iléèwé, ẹ gbé àga, ẹ fọ aṣọ eré, ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó fún yín ní gbólóhùn kan sọ. Bí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lórí rédíò, ẹ máa ń sọ ọ́, a sì máa ń dákẹ́ gbọ́ yín. Kò sí ẹni tó gbé jíìpù wá bá yín lójú títì. Kí ló dé tí ẹ kì í fún ọmọ inú ìtàn yín ní irú ọ̀nà tí ẹ̀yin gbà?

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀. Nínú fíìmù tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe, ẹ mú ibi tí ẹ ti fẹ́ kọ “Lẹ́yìn ọdún márùn-ún” sí, kí ẹ sì fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tó ṣe, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ, iye ìgbà tí alájọ wá, ẹni tó dúró tì í àti ẹni tó yẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ jẹ́ kí máṣíìnì, ìkòkò tàbí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé òpin, kódà bó bá fẹ́ ọkọ tó lówó. Ẹ sì fi ìyá tó ń wẹ̀yìn wò yẹn sílẹ̀ fún wa. Ẹ má yọ òun.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí fírídọ̀mù ṣe ń lọ, ẹ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn Iléyá, àkókò yẹn ló máa ń pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aránṣọ níbí, wọ́n á júwe ṣọ́ọ̀bù tó kàn fún yín. A kò ní gba owó ibi ìyàwòrán lọ́wọ́ yín. Kí ẹ ṣáà ti fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí ìyá ọmọ lè ra aṣọ, kí a sì lè bá a rán an.

Èmi ni,
Aránṣọ kan nítòsí Ọjà Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.